Òkè Kan Náà, Ojú Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

   Ọ̀rọ̀ fọ́tò ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n kọ ní ìgbà yìí, ó sì ní kí n má fi gùn jù. Èyí tí mo bá lè ṣe ni n óò ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní owó bébà ọgọ́rùn-ún náírà lápò, kí ó mú un jáde kí a jọ wò ó. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ẹ óò kọ́kọ́ rí. Ẹ wá yí i padà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1999, Òkè Zuma ni ẹ óò bá lẹ́yìn rẹ̀, òkè ńlá tí ń bẹ lẹ́bàá ọ̀nà Kàdúná nítòsí Madalla, ní ìpínlẹ̀ Niger. Bàbá wa kọjú sí ibì kan, òkè kọjú sí ibòmíràn, bébà kan ṣoṣo ni ó sì gbé àwọn méjèèjì. Mo máa ń wí fún àwọn ọmọ mi pé àwa gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀: ojú wa ń wo ilé, ẹ̀yìn wa sì ti òkè àwọn ẹlòmíràn.

Ẹ̀bi kan ni mo rí nínú àwòrán náà. Òkè orí owó kì í yí padà. Bí ọyẹ́ dé, bí òjò rọ̀, bákan náà ni ó ń rí. Ẹni tí ó bá ń gbé abẹ́ òkè mọ̀ pé irọ́ ni. Èmi kò tètè mọ̀ ọ́n, ìyá mi ni ó sì jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Ní 2011 ni mo kó ìdílé mi wá sí Galadimawa. Nígbà náà, bí ènìyàn bá dúró ní ẹ̀yìnkùlé wa, kò sí nǹkan kan láàárín òun àti òkè bí kò ṣe oko àgbàdo àti igi máńgòrò méjì. Ìyá mi, tí ń gbé ní Ìdànrè, gbọ́ pé àpáta wà níbi tí mo kó lọ, ó sì ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ kí òun rí i. Ẹ ṣáà mọ ará Ìdànrè. Ẹni tí wọ́n bí sí abẹ́ òkè, tí ó gbọ́ pé òkè wà níbòmíràn, yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó tiwọn. Ìdí mìíràn tún wà tí kò sọ jáde. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i bóyá ibi tí ọmọ òun gbé ìyàwó àti ọmọ lọ ṣeé gbé.

Oṣù Kejìlá ọdún náà ni mo ráyè yà á, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo gbé e lọ fọ̀, mo sì fi rán ẹni tí ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ọjọ́ kẹta ni ìyá mi pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ dúró kí n kí òun tán.

"Ọmọ mi, ṣé iná ń jó ní ìlú yín ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá."

"Èéfín wo wá ni èyí? Mi ò rí òkè. Ohun kan tí ó dà bí ẹ̀yìn erin ni mo rí nínú èéfín. Bí ó bá jẹ́ inú èéfín ni ẹ wà, ẹ kó àwọn ọmọ wá fún mi."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó gbà pé kò sí ohun tí ó ṣe wá. Láti ìgbà náà ni mo ti di ẹni tí ń ṣọ́ òkè.

Ọyẹ́ ni ó bà mí jẹ́ lójú ìyá mi. Gbogbo wa ni a mọ ọyẹ́ láti ilé, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ìhín kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìdànrè tí igbó yí ká. Láti oṣù Kọkànlá títí wọ oṣù Kẹta ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn, eruku ni ó sì ń rù. Nígbà tí mo wádìí ibi tí púpọ̀ nínú eruku náà ti ń wá, ẹnu yà mí. Ilẹ̀ títẹ́jú kan ń bẹ ní àríwá ilẹ̀ Chad, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Òkè Tibesti wà ní apá kan, òkè Ennedi wà ní apá kejì. Tibesti yìí kì í ṣe òkè kékeré, nítorí ṣónṣó rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Emi Koussi ga ju mítà 3,400 lọ. Àárín àwọn òkè méjèèjì ni afẹ́fẹ́ ń gbà, bí ìgbà tí èrò ọjà bá ń gba ẹnu ọ̀nà tóóró jáde, ibẹ̀ ni ó sì ti ń gba agbára. Ilẹ̀ tí ó ń fẹ́ lù yìí jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan tí ó ti gbẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí ni ìyókù rẹ̀. Èèpo ara àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ń gbé inú omi náà ni ó kù sílẹ̀ níbẹ̀, ó funfun bí ẹfun, ó sì fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ń gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ìrìn tí ó lé ní 1,400 kìlómítà. Ó tún ń gbé òmíràn sọdá òkun títí dé igbó Amazon ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí ó ti ń di ajílẹ̀ fún igi.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń nu tábìlì láàárọ̀ tí eruku sì tún ń bà lé e kí ó tó di ọ̀sán, ìsàlẹ̀ adágún ni ẹ ń nù. Ẹni tí kò bá dé aṣálẹ̀ rí, kí ó má dààmú ara rẹ̀. Aṣálẹ̀ ti wá a wálé.

Eruku yìí ni ó ń jẹ fọ́tò. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á bà lé e lójú ọ̀run, á fọ́n káàkiri, ohun tí ó bá sì jìnnà á di funfun lójú kámẹ́rà. Bí ohun náà bá ṣe jìnnà tó ni yóò ṣe ṣá tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ya òkè nígbà ọyẹ́ kò gbọdọ̀ dúró ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bí mo ti ṣe. Kí ó sún mọ́ ọn. Tàbí kí ó gba ti ọyẹ́, kí ó ya ohun tí ọyẹ́ nìkan lè ṣe: àwọn òkè tí ó tò tẹ̀lé ara wọn, èyí tí ó wà níwájú dúdú, èyí tí ó tẹ̀lé e rí bí eérú, èyí tí ó kẹ́yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ọyẹ́ náà dára púpọ̀. Á pọ́n, á rọ̀, á dà bí òṣùpá tí wọ́n fi osùn kùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi aṣọ gbígbẹ nu ojú kámẹ́rà tàbí ojú fóònù yín kí ẹ tó fẹ́ eruku orí rẹ̀ dànù, nítorí eruku náà á ha dígí. Fóònù kan ti ti ọwọ́ mi bàjẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà òjò ni mo fẹ́ràn jù. Láti oṣù Kẹrin tí òjò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ojú ọ̀run á ti fọ̀. Àwọn òkè tí a ti gbàgbé láti Kérésìmesì á tún yọ. Ẹ óò rí igi orí wọn, ẹ óò rí ojú ibi tí àpáta ti bó bí èèpo àlùbọ́sà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni irú àpáta yìí ṣe ń darúgbó. Bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ara àpáta á dúdú, omi tí ń ṣàn kalẹ̀ á sì máa kọ mànà bí fàdákà. Kì í pẹ́. Bí oòrùn bá yọ sí i fún bí ìdajì wákàtí, àpáta á ti gbẹ, á padà di eléérú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó gbà mí ní ọdún mélòó kan kí n tó mọ̀. Ìjì òjò tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá. Bí ó bá wá ní ìrọ̀lẹ́, ìlà-oòrùn á ṣú dùdù, nígbà tí oòrùn ṣì wà ní ìwọ̀-oòrùn tí ó ń tàn. Bí òkè bá wà ní ìhà ìlà-oòrùn yín ní àkókò náà, ìmọ́lẹ̀ á bà lé e lójú, dúdú òjò á sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí aṣọ tí onífọ́tò ayé àtijọ́ ń ta sẹ́yìn ènìyàn. Òkè á mọ́lẹ̀ ju ọ̀run lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pọ̀ tán ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni ẹ óò ní. Ìgbà náà ni òṣùmàrè sì lè yọ. Òdìkejì oòrùn ni òṣùmàrè máa ń wà, kì í sì í hàn sí ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ bí oòrùn bá ti ga ju bí ìdajì ọ̀nà lọ sí àtàrí. Ẹni tí ń wá òṣùmàrè ní ọ̀sán gangan kàn ń ṣe wàhálà ni.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí fọ́tò kú o. Bí mànàmáná bá kọ, ẹ ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá yóò fi sán. Mẹ́ta mẹ́ta ni kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá ka ọgbọ̀n kí ẹ tó gbọ́ ọ, ẹ wọlé, tàbí kí ẹ wọ inú ọkọ̀ kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má dúró lórí òkè, ẹ má sá sábẹ́ igi. Fọ́tò kan kò tó ohun tí a ó máa dá owó ìsìnkú sí.

Ní ti ọjọ́ tí kò sí òjò tí kò sí ọyẹ́, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni. Ní Àbújá, oòrùn máa ń là láàárín agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ àti agogo méje ku díẹ̀, yálà oṣù wo ni a wà. Nígbà tí ó bá wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó kàn wá, afẹ́fẹ́ á sì já àwọ̀ ojú ọ̀run sílẹ̀ lọ́nà, èyí tí ó pọ́n ni yóò kù. Ìdí nìyí tí àpáta eléérú fi ń di aláwọ̀ osùn láàárọ̀. Ṣùgbọ́n tiwa kì í rọra ṣe. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó lọ́hùn-ún, oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ gòkè, a sì máa pẹ́ nílẹ̀. Níhìn-ín, ṣe ni ó ń gòkè tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Láàárín wákàtí kan, ohun gbogbo ti tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya ìdájí gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ọ̀sán, ẹ fi fọ́tò sílẹ̀. Ẹ rántí èyí tí ẹgbẹ́ wa yà ní ọjọ́ àjọ̀dún kan ní oṣù Kẹrin, tí gbogbo wa jókòó ní agogo méjìlá àbọ̀ tí òkè wà lẹ́yìn wa. Èmi ni mo tọ́ka ibẹ̀, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ní agbedeméjì oṣù Kẹrin àti ní ìparí oṣù Kẹjọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àtàrí wa gan-an ni oòrùn ń dúró sí ní Àbújá ní àkókò náà. Gèlè ṣíji bo ojú àwọn ìyá, fìlà ṣíji bo ojú àwọn bàbá, ọ̀run funfun báláú lẹ́yìn wa. Aṣọ ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n rí nílé. Ìyá kan bi mí léèrè pé ta ni a fi aṣọ náà wọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ya ènìyàn àti òkè pọ̀, ẹ jẹ́ kí oòrùn wà ní ẹ̀gbẹ́ yín, kí ó má ga. Ẹ fi ìka tẹ ojú ènìyàn lórí fóònù kí ó lè mọ ẹni tí ẹ fẹ́. Bí ó bá jẹ́ òkè nìkan, ẹ tẹ ibi tí ó mọ́lẹ̀ jù ní ọ̀run, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀. Fóònù kò mọ̀ pé òjò ń ṣú, ohun gbogbo ni ó fẹ́ sọ di ọ̀sán.

Ará ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ansel Adams, tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ya òkè àti aṣálẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 1941, ó ń wakọ̀ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ní New Mexico, ilẹ̀ gbígbẹ tí òkè wà lọ́nà jíjìn. Ó rí abúlé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Hernandez. Òṣùpá ti yọ lókè rẹ̀, oòrùn tí ó ń wọ̀ sì ń tan sára àwọn àgbélébùú funfun inú ibojì ìjọ. Ó dúró, ó sáré gbé kámẹ́rà ńlá rẹ̀ kalẹ̀, ó wá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò rí i. Ó rántí pé òun mọ bí òṣùpá ti ń mọ́lẹ̀ tó, láti orí òṣùpá ni ó ti ṣírò ìyókù. Ó ya ẹyọ kan. Bí ó ti fẹ́ ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ẹyọ kan yẹn ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Mo máa ń rántí ọkùnrin yìí nígbàkígbà tí mo bá wí pé, "N óò padà wá lọ́la."

Kí n tó gbàgbé. Òkè Aso dára lójú, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ilé Ààrẹ wà. Láti 1962 ni òfin ti wà tí ó lòdì sí yíya àwòrán àwọn ibi tí ìjọba ń ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ kò sì ní bi yín léèrè bóyá ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ẹ ń wá. Ẹ máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Òkè mìíràn pọ̀.

Wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ojú ibi tí a ti ń rí wọn ń dín kù. Àwọn Gbàgyí ni a bá nílẹ̀ yìí, wọ́n sì ti ń dáko lábẹ́ àwọn òkè wọ̀nyí kí ìjọba tó ṣe òfin olú-ìlú ní oṣù Kejì 1976, àti kí wọ́n tó kó ìjọba kúrò ní Èkó wá síhìn-ín ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá 1991. Àwa tí a tẹ̀lé e wá kọ́lé. Èmi náà kọ́lé, n kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bàbá àgbà Gbàgyí kan tí ń ta iṣu fún wa wí fún mi pé láti ẹnu ọ̀nà bàbá òun ni àwọn ti ń wo òkè láti mọ̀ bóyá òjò yóò rọ̀. Nísinsìnyí, òun á ní láti rìn dé ojú títì kí òun tó rí i. Oko àgbàdo ẹ̀yìnkùlé wa ti di ilé alájà mẹ́ta. Wọ́n gé máńgòrò kan, ìkejì wà nínú ọgbà ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, kí ilé náà tó dìde, òjò kan dá ní nǹkan bí agogo márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Ìyàwó mi ni ó pè mí jáde. Oòrùn ti wà lẹ́yìn wa, òkè dúdú, ó ń dán, omi ń ti ara rẹ̀ ṣàn ní ojú ibi mẹ́ta, ọ̀run ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí aró. Mo ya mẹ́fà, ọ̀kan ni ó dára. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí Ìdànrè. Nígbà tí ìyá mi pè, ohùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní, "Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Kò tó tiwa." Mo ní mo mọ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n òkè ni." Kò tún sọ̀rọ̀ pé kí n kó ọmọ wálé mọ́.

Ìyá mi ti lọ ní 2017. Nígbà tí a ń tú ẹrù rẹ̀, mo rí fọ́tò méjèèjì tí wọ́n wé sínú ọ̀rá kan. Mo ti rò pé ó ti sọ ti àkọ́kọ́ nù. Ó ti ní kí àbúrò mi kọ nǹkan sí ẹ̀yìn wọn. Lẹ́yìn èyí tí ó pè ní èéfín, ó kọ ọ́ pé, "Galadimawa, nígbà ọyẹ́." Lẹ́yìn ìkejì, "Galadimawa, nígbà òjò." Ìgbà tí ó yé e pé òkè kan náà ni, n kò mọ̀, kò sọ fún mi.

Ẹgbẹ́ wa fẹ́ kó àwọn fọ́tò àtijọ́ jọ fún ìwé ìrántí. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà ní Galadimawa ṣáájú wa, bí ẹ bá ní fọ́tò ìkómọ, ti ìgbéyàwó, ti ìṣílé, tàbí èyí tí ọmọdé kàn ń ṣeré nínú rẹ̀, tí òkè sì hàn lẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá fún akọ̀wé ní ìpàdé tí ń bọ̀. Wọn yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọn yóò sì dá tiyín padà. Ẹ kọ ọdún sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí, kí ẹ sì kọ ọ́ bóyá ìgbà ọyẹ́ ni tàbí ìgbà òjò.